Ǹjẹ́ Máàkì Ìdánwò Nìkan Tó fún Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ?

Bí èsì ìdánwò bá jáde ní ìlú Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ènìyàn kan. Ní Kémta, ní Ìtòkú àti ní Aké, bí òbí ti ń bi ọmọ rẹ̀ ni aládùúgbò náà ń béèrè pé, "Mélòó ni o gbà?" Ẹni tí ó gba 300 nínú 400 a máa yan fanda, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 160 a máa fẹ̀gbẹ́ ògiri rìn bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Díẹ̀díẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fi gbà ní ọkàn rẹ̀ pé iye tí a kọ sí orí ìwé èsì náà ni iye tí ọgbọ́n orí òun mọ. Èrò yìí kì í sì í tètè fi ènìyàn sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà, tí ó jáde ní yunifásítì, tí ó sì ń lépa oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé tàbí lókè òkun, ohun kan náà ni yóò ṣì máa béèrè: "Mélòó ni kí n gbà nínú ìdánwò kí wọn tó lè gbà mí?"

Ìbéèrè gidi ni èyí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìbéèrè ni. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni bóyá máàkì ìdánwò nìkan tó láti fi mọ ẹni tí ó yẹ fún irú ẹ̀kọ́ gíga bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé kò tó. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kò wúlò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti ṣe lè jẹ́ òtítọ́ papọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìdánwò ń wọ̀n, kí ó sì mọ ohun tí oyè Ọ̀mọ̀wé jẹ́.

Ìdánwò àjùmọ̀ṣe ni ìdánwò tí a ṣètò kí gbogbo ẹni tí ó bá jókòó fún un lè dáhùn irú ìbéèrè kan náà láàrin ìwọ̀n àkókò kan náà, kí a sì fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn iṣẹ́ gbogbo wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọdún 1952 ni a dá WAEC sílẹ̀ láti máa ṣe irú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀ láti máa ṣètò ìgbàwọlé sí yunifásítì. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ìbéèrè 180 ni yóò dáhùn láàrin wákàtí méjì, máàkì rẹ̀ kò sì lè ju 400 lọ.

Kò yẹ kí a fi ojú tín-ínrín wo irú ìdánwò yìí. Ẹ ronú nípa kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà. Bí kò bá sí kóńgò, ọwọ́ lásán ni kálukú ìbá máa fi bù ú. Ọwọ́ ẹnìkan sì tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó mọ olọ́jà ni ìbá máa gba púpọ̀, àjèjì ni ìbá sì máa gba díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdánwò rí. Kò mọ ọmọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí ọmọ tálákà, kò sì béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó ka ìwé rẹ̀ lábẹ́ fìtílà ní Kémta àti ọmọ tí iná kì í kú ní ilé wọn ní Ìkòyí yóò dáhùn ìbéèrè kan náà. Àǹfààní ńlá ni èyí, pàápàá fún ẹni tí kò ní alágbàwí.

Ṣùgbọ́n kóńgò ní ààlà tirẹ̀. Yóò sọ bí ẹ̀wà ti pọ̀ tó. Kò lè sọ bóyá yóò tètè jinná. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyíinì gbọ́dọ̀ ní ìkòkò, omi àti iná. Kì í ṣe ẹ̀bi kóńgò, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán an nìyẹn. Ẹ̀bi ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ kóńgò ohun tí kóńgò kò mọ̀ ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìdánwò tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń wá oyè gíga lọ sí Amẹ́ríkà máa ń ṣe, èyí tí a ń pè ní GRE. Ní ọdún 1936 ni Àjọ Carnegie àti yunifásítì mẹ́rin, èyíinì ni Harvard, Yale, Princeton àti Columbia, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ọwọ́ ETS, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Apá mẹ́ta ni ìdánwò náà pín sí: kíkọ àròkọ, òye èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti gé e kúrú. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí méjì mọ́. Ìbéèrè 27 ni ó wà ní apá èdè, 27 sì wà ní apá ìṣirò. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan apá méjèèjì yìí bẹ̀rẹ̀ láti 130, ó sì parí sí 170. Ti àròkọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì parí sí 6. Ọdún márùn-ún ni máàkì náà fi ń wúlò.

Ohun kan wà nínú ìdánwò yìí tí yóò ya ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lẹ́nu. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Ìṣirò oníye, áljẹ́brà, jẹ́ómẹ́trì àti kíka àtẹ ìsọfúnni ni. Kò sí trigonometry nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí calculus, ẹ̀ka ìṣirò tí ó ń sọ bí nǹkan ti ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láìsí calculus, kò sí ẹni tí ó lè mọ bí ooru ti ń rìn nínú irin, bí omi ti ń ṣàn nínú páìpù, tàbí bí afárá ti ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń gorí rẹ̀ kọjá. Èyíinì ni pé ìdánwò náà ń wọn ohun tí ẹni tí ó ń bọ̀ wá gba oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ti kọ́ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọdé. Bí ó bá kùnà nínú rẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí ẹ̀rù bà wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá yege nínú rẹ̀, kí ni a tíì mọ̀? A mọ̀ pé kò kùnà. A kò tíì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá oyè gíga nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe aláìmọ̀ṣirò. Nítorí náà, máàkì ìṣirò àwọn tí ń wá ipò yìí máa ń ga, wọn a sì máa sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ogún ènìyàn bá gba iye tí ó wà láàrin 166 àti 170, tí àyè sì jẹ́ ti ẹni méjì péré, kí ni a ó fi yan àwọn méjì náà? Ẹnìkan náà gan-an lè ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù méjì, kí máàkì rẹ̀ sì fi ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀ láìjẹ́ pé ọgbọ́n rẹ̀ dínkù tàbí pé ó pọ̀ sí i. ETS tìkára rẹ̀, tí ó ni ìdánwò náà, ti kìlọ̀ fún àwọn yunifásítì pé kí wọn má ṣe fi máàkì GRE nìkan dájọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí ó ni kóńgò bá sọ pé kóńgò òun kò lè sọ ohun gbogbo, ta ni àwa tí a ó fi bá a jiyàn?

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí oyè náà fúnra rẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ni a máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ mọ ìdáhùn náà; ó lè wà ní ẹ̀yìn ìwé pàápàá. Ẹni tí ó ń wá oyè Ọ̀mọ̀wé kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò wá ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn, òun ni yóò wá ọ̀nà àtidáhùn rẹ̀, òun náà ni yóò sì dúró níwájú àwọn àgbà onímọ̀ láti fi hàn pé ìdáhùn òun dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí a máa gbà tó bí ọdún márùn-ún. Láàrin ọdún wọ̀nyí, ìdánwò tí ó fi wákàtí méjì ṣe yóò ti di ìtàn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má ba à dàbí àlá, ẹ wo ìsédò Ọyán, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ọdún 1983 ni a ṣí i, láti inú rẹ̀ sì ni a ti ń fa omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Odò Ọyán ń ṣàn wọ inú odò Ògùn, odò Ògùn sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà. Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, àwọn olùtọ́jú ìsédò gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí omi má ba à bì í wó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí i jù, omi yóò ya wọ ilé àti oko àwọn ènìyàn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò títí dé agbègbè Èkó. Bí wọn kò bá sì fi omi pamọ́ tó, ọ̀gbẹlẹ̀ yóò dé, ẹnu ẹ̀rọ omi yóò sì gbẹ. Omi mélòó ni kí a jẹ́ kí ó lọ, ní ọjọ́ wo, nígbà tí a kò mọ òjò tí yóò rọ̀ lọ́la? Kò sí A, B, D tàbí E tí a lè fàlà sí nídìí irú ìbéèrè yìí. Ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò dájúdájú. Ṣùgbọ́n ó tún gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ rin etí odò, kí ó fi sùúrù kó ìwọ̀n òjò ọ̀pọ̀ ọdún jọ, kí ó bá àwọn apẹja àti àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìṣirò rẹ̀ kò bá bá ohun tí omi ń ṣe mu.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ ènìyàn tí ó ní máàkì, tí ó sì ní ohun tí ó ju máàkì lọ, ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí. Ọdún 1937 ni a bí i ní Oṣòdì ní Èkó. Ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, Èkó, ni ó ti ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí girama ní ọdún 1955, tí ó sì gba ipò tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria, ó sì jáde ní ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1962. Ní ọdún 1966 ni ó gba oyè Ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé máàkì kò ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Máàkì ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1974, ó gba oyè D.Sc., èyí tí ó ga ju ti Ọ̀mọ̀wé lọ. A kì í jókòó ṣe ìdánwò fún oyè yìí. Iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde, tí ayé sì ti yẹ̀ wò, ni a fi ń fún un. Iṣẹ́ Awójọbí dá lórí bí ohun wíwúwo ti ń mì. Nígbà tí Nàìjíríà sì yí ìrìnnà ọkọ̀ padà láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ó tú ìdarí ọkọ̀ Opel tirẹ̀ kúrò ní apá kan, ó sì gbé e sí apá kejì. Kò sí olùdánwò kan tí ó bi í ní ìbéèrè yẹn. Ìṣòro ni ó rí, ó sì na ọwọ́ sí i. Irú ọkàn báyìí ni àwọn tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè Ọ̀mọ̀wé ń wá, irú rẹ̀ ni kóńgò ìdánwò kò lè wọ̀n.

Kí ni wọ́n wá fi ń wọ̀n ọ́n? Àwọn olùkọ́ tí ń yan ènìyàn máa ń tẹ́ ìwé púpọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Èkínní ni àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe ní yunifásítì. Ọdún márùn-ún ni a fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún sì ń sọ̀rọ̀ ju ti wákàtí méjì lọ. Wọn yóò wò ó bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, wọn yóò sì wo bí ó ti ṣe nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó le jù. Èkejì ni iṣẹ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn, iṣẹ́ tí ó kọ́ ní ilé-iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, àti ìwé ìwádìí bí ó bá ní. Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà ìjẹ́rìí àwọn olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀kẹrin ni ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ láti sọ ohun tí ó fẹ́ wádìí àti ìdí tí ó fi fẹ́ wádìí rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni bóyá olùkọ́ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti akẹ́kọ̀ọ́ náà mu. Ọmọ tí ń fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ omi kò lè rí aláboòjútó ní ibi tí gbogbo olùkọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfúrufú, bí máàkì rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ẹni tí a bá gbà fún oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́. Wọn a tún máa fún un ní owó oúnjẹ nítorí iṣẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ ìkọ́ni tí ó ń ṣe. Owó ìwádìí tí olùkọ́ kan tiraka láti rí ni a sábà máa ń fi san án. Nítorí náà, olùkọ́ náà kò wá ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn nìkan. Ó ń wá ẹni tí wọn yóò jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ṣé ẹni tí ó fẹ́ fi ọdún márùn-ún bá ènìyàn ṣiṣẹ́ ni yóò wo iye kan ṣoṣo lórí ìwé, tí yóò sì sọ pé ó tó?

Àwa tí a wà ní Kémta kò jìnnà sí òye ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ àdìrẹ wà láàrin wa. Ìyá aláró kì í gba ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nítorí pé ó lè dárúkọ gbogbo àrà tí ó wà lára aṣọ. Yóò wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń fi ìko di aṣọ, yóò wo sùúrù rẹ̀ nídìí ẹ̀kọ tí a fi ń ya àrà, yóò sì wò ó bóyá ó lè fi imú àti ojú mọ ìgbà tí ẹlú àti omi eérú bá ti gba ara wọn nínú ìkòkò. Ẹni tí ó mọ aró sì mọ ohun mìíràn. Nígbà tí aṣọ bá ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ a máa dàbí ti ewé; ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó ń di aró gidi. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ ìjáde-nínú-ìkòkò dájọ́ aṣọ yóò ṣi ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdánwò ń fi ènìyàn hàn ní ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ ni ó ń fi í hàn bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Nítorí irú èrò yìí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan fi dáwọ́ dúró pátápátá láti máa béèrè GRE. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà ní MIT, tí ó wà lára àwọn tí ó lókìkí jù lọ ní ayé, kò béèrè rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, tí àwọn ibùdó ìdánwò sì tì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka mìíràn náà yọ ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì padà. Owó ìdánwò náà, tí ó ju 200 dọ́là lọ, tún wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Owó kékeré kọ́ ni èyí lọ́wọ́ ìyá aláàdìrẹ tí ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára ju kóńgò nù. Àwọn tí ń gbèjà ìdánwò ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Lẹ́tà ìjẹ́rìí lè jẹ́ lẹ́tà ojúsàájú. Olùkọ́ tí ó lókìkí ní ìlú òyìnbó lè kọ ìlà mẹ́ta, kí gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́. Olùkọ́ tí ó wà ní Abẹ́òkúta lè kọ ojú ewé mẹ́ta tí ó jẹ́ kìkì òtítọ́, kí ẹni tí ń kà á lókè òkun má mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́. Àǹfààní iṣẹ́ ìwádìí pọ̀ ní ibi tí ẹ̀rọ àti iná wà. Kò pọ̀ ní ibi tí àwọn ọmọ mẹ́wàá ti ń pín ẹ̀rọ kan lò. Bí a bá mú ìdánwò kúrò pátápátá, ọmọ tí kò ní alágbàwí, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì lórúkọ, lè pàdánù ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó fi lè sọ fún àjèjì pé, "Èmi náà tó bẹ́ẹ̀." Nítorí náà ni mo fi sọ pé kò tó, tí n kò sì sọ pé kò wúlò.

Nílé níbí pàápàá, àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ní ọdún 2005 ni ìjọba gbà kí àwọn yunifásítì máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ìdánwò JAMB, nítorí àwọn yunifásítì ń ráhùn pé iṣẹ́ àwọn kan kò bá máàkì tí wọ́n gbé wá mu. Ní ọdún 2016, ìjọba fi òfin de àyẹ̀wò náà. Ní ọdún 2017, wọ́n tún dá a padà. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ní ọdún náà, àtúnṣe tí ó yẹ kí a ṣe sí ètò kọ̀ǹpútà JAMB ni a kò ṣe dé ibùdó ìdánwò 157, 65 ní Èkó, 92 ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ó kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, jáde ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe náà ní gbangba, omijé sì bọ́ ní ojú rẹ̀. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà padà láti tún ìdánwò ṣe. Ẹ ronú nípa ọmọ tí ó ti sunkún, tí ará ilé ti bú ní ọ̀lẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé kóńgò ni ó jò. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ pàápàá: kò sí ohun ìwọ̀n kan tí kò yẹ kí a máa fi òmíràn yẹ̀ wò. Òṣùwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra, tí wọ́n sì jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ni a lè gbára lé.

Kí ni ó wá kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí oyè Ọ̀mọ̀wé ṣì jìnnà sí bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀? Ó kàn yín gidigidi, nítorí ohun tí a ó fi wọ̀n yín lọ́la, òní ni a ti ń kó o jọ. Èkínní, ẹ kọ́ ìṣirò yín dáadáa. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí láti sá fún ìdánwò kò gbọ́ ohun tí mo wí. Èkejì, nígbà tí ẹ bá wọ yàrá ìwádìí, ẹ má ṣe da iye tí ọ̀rẹ́ yín rí kọ. Ẹ kọ iye tí ẹ fi ojú ara yín rí, bí kò tilẹ̀ bá ti inú ìwé mu, kí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín mọ̀ yín nípa iṣẹ́ yín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò lè jẹ́rìí rẹ. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ bí a ti ń kọ èrò ọkàn sílẹ̀ kí ó yé ẹlòmíràn, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa wo àyíká yín. Omi aró tí ń ṣàn gba ojú àgbàrá, òpópónà tí òjò ń wó lọ́dọọdún, ẹ̀rọ ìlọta tí ń jẹ epo jù: ìbéèrè ìmọ̀ ẹ̀rọ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń dúró de ẹni tí yóò dáhùn wọn.

Ní kúkúrú, máàkì ìdánwò lè mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yẹ kí ó mú un dé ibẹ̀. Ohun tí ń mú un wọlé ni ẹ̀rí pé ó ti ń ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà. Ohun tí ń mú un pẹ́ níbẹ̀ ni sùúrù àti ìfẹ́ òtítọ́, tí kò sí ìwé èsì kan tí ó ní àyè fún. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi yín pé, "Mélòó ni o gbà?" ẹ dáhùn láìtijú, bí ó ti wù kí iye náà rí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kejì, tí kò sí ẹnìkan tí yóò bá yín béèrè rẹ̀: "Kí ni mo lè fi ohun tí mo mọ̀ ṣe?"